Ọ̀nà Oko Lẹ́yìn Òjò

Òjò ni ọ̀rẹ́ àgbẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀, kò sí iṣu, kò sí àgbàdo, kò sí kòkó. Ṣùgbọ́n òjò kan náà tí ó ń mú ohun ọ̀gbìn wa hù ni ó ń ba ọ̀nà oko jẹ́. Bí ọ̀nà oko bá sì ti bàjẹ́, ohun tí òjò fún wa kò ní lè dé ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ti pọ́n kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Tòmátì àti ẹ̀fọ́ kì í dúró. Ọlọ́kadà tí ó bá rí òkè ẹlẹ́rẹ̀ níwájú yóò bèèrè ìlọ́po owó, tàbí kí ó ní òun kò lọ rárá. Aboyún tí ó ń rọbí lóru kò lè sọ fún ọmọ inú rẹ̀ pé kí ó ní sùúrù títí ọ̀nà yóò fi gbẹ. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ọ̀nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí sì ni.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a fẹ́ sọ bí òjò ṣe ń ba ọ̀nà jẹ́, bí ó ti yẹ kí a gba orí rẹ̀ nígbà tí ó bá tutù, àti bí a ṣe lè fi ọkọ́, àdá àti ṣọ́bìrì tún un ṣe. Ọ̀nà tí a ń sọ ni ọ̀nà ilẹ̀ tóóró tí a ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí kẹ̀kẹ́ ológeere àti ọ̀kadà ń gbà. A kò sọ ti títì ọlọ́dà.

Omi òjò pọ̀ ju bí a ti rò lọ

Mìlímítà ni àwọn tí ń wọn òjò fi ń kà á. Ní Ìbàdàn, òjò tí ó ń rọ̀ ní ọdún kan máa ń tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 sí 1,300. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń rọ̀ láti oṣù kẹta títí dé oṣù kẹwàá.

Kí ni ìtumọ̀ mìlímítà yìí? Bí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ ní mítà 1, tí ó sì gùn ní mítà 1, omi lítà 1 ni ó rọ̀ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Ká sọ pé ọ̀nà oko kan fẹ̀ ní mítà 2, a sì wọn mítà 100 nínú gígùn rẹ̀. 2 lọ́nà 100 jẹ́ 200. Ká sọ pé òjò ńlá kan rọ̀ ní ọ̀sán, ó sì tó mìlímítà 50. 200 lọ́nà 50 jẹ́ 10,000. Lítà 10,000 omi ni ó rọ̀ sórí ibi kékeré yẹn! Bí a bá ní kí a gbọ́n ọn sínú dúrọ́ọ̀mù onílítà 200, dúrọ́ọ̀mù 50 ni yóò kún. A kò sì tíì ka omi tí ó ń ṣàn wá láti inú oko tí ó wà lókè ọ̀nà o.

Ta ni ó lè da dúrọ́ọ̀mù omi 50 sí ojú ọ̀nà kan, kí ọ̀nà náà má bàjẹ́? Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí òjò kan ṣoṣo bá gbẹ́ kòtò.

Bí omi ṣe ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀

Omi ń ba ọ̀nà jẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta.

Èkíní, ó ń lu ilẹ̀. Ẹ̀kán òjò tí ó tóbi máa ń já bọ́ pẹ̀lú eré tí ó tó kìlómítà 30 ní wákàtí kan. Bí ilẹ̀ bá wà ní ìhòòhò, ẹ̀kán òjò yóò máa ta erùpẹ̀ sókè. Ṣé ẹ ti rí ògiri alámọ̀ tí erùpẹ̀ pupa ta sí lára lẹ́yìn òjò? Iṣẹ́ ẹ̀kán òjò nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí koríko tàbí ewé bá bo ilẹ̀, ara wọn ni òjò yóò lù, ilẹ̀ yóò sì bọ́.

Èkejì, ó ń ṣàn. Bí ọ̀nà bá da gẹ̀rẹ́, omi yóò máa sáré. Bí eré omi bá di ìlọ́po 2, agbára tí ó fi ń ti erùpẹ̀ yóò di ìlọ́po 4. Ìdí nìyí tí òkè fi ń bàjẹ́ ju pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ. Omi tí ó kọ́kọ́ ń gbé erùpẹ̀ nìkan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yí òkúta.

Ẹ̀kẹta, ó ń dúró. Ní ibi tí ilẹ̀ bá tẹ́jú, tí omi kò rí ibi gbà, yóò dá ọ̀gọ̀dọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò rọ̀. Táyà yóò tẹ̀ ẹ́, yóò rì. Ọ̀gọ̀dọ̀ tí ó jìn ní íǹsì 2 ní àná yóò di íǹsì 6 ní ọ̀la.

Àwa ènìyàn náà ń ran omi lọ́wọ́. Nígbà tí a bá gun kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà lórí ilẹ̀ tí ó tutù, táyà yóò fa ìlà gùn-ún lọ. Bí òjò míràn bá dé, omi kò ní wá ọ̀nà míràn mọ́. Ìlà táyà yẹn ni yóò gbà. Ìlà di gọ́tà, gọ́tà di kòtò ọ̀gbàrá. Àwọn àgbà ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni kòtò ojú ọ̀nà rí.

Ilẹ̀ yàtọ̀ sí ilẹ̀

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀ ni ó ń gba òjò bákan náà.

Ilẹ̀ amọ̀ kì í jẹ́ kí omi tètè wọlé. Bí ó bá tutù, ó ń yọ̀ bí ilá, ó sì ń lẹ̀ mọ́ táyà. Bí ó bá gbẹ, ó le bí òkúta. Ojú táyà tí a bá tẹ̀ sí i nígbà tí ó tutù, ibẹ̀ ni yóò gbẹ sí, tí yóò sì máa gbé kẹ̀kẹ́ ṣubú títí òjò mìíràn.

Ilẹ̀ oníyanrìn ń mu omi kíákíá, a sì lè gbà á láìpẹ́ lẹ́yìn òjò. Ṣùgbọ́n kò lágbára. Bí omi bá ń sáré lórí rẹ̀, yóò kó o lọ wẹ́rẹ́.

Ilẹ̀ yangí ni ó dára jù fún ọ̀nà. Òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń di ara wọn mú pẹ̀lú amọ̀ díẹ̀ tí ó wà láàárín wọn. Bí a bá gún un mọ́lẹ̀ dáadáa, yóò le, kò sì ní tètè rì.

Bí a ṣe ń gba ọ̀nà tí ó tutù

Kí a tó gun ọ̀nà lẹ́yìn òjò, ẹ jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ dán an wò. Bí gìgísẹ̀ bá rì ju íǹsì 1 lọ, tàbí bí ẹrẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ táyà títí ó fi ń ha abẹ́ mọ́gáàdì, ọ̀nà náà kò tíì ṣe é gùn. Bí iṣẹ́ kò bá jẹ́ kánjúkánjú, ẹ dúró. Lórí ilẹ̀ oníyanrìn, wákàtí díẹ̀ lè tó. Lórí ilẹ̀ amọ̀ tí igi bo, ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì.

Bí ẹ kò bá lè dúró ńkọ́? Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ kọjá ibi tí kò dára. Ẹ dín ẹrù kù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí táyà máa yí lójú kan, nítorí pé bí ó ti ń yí ni ó ń walẹ̀.

Ohun kan wà tí ó jọ ọgbọ́n, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ọgbọ́n. Bí a bá rí ọ̀gọ̀dọ̀ ní àárín ọ̀nà, a máa ń yà gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni kejì yóò yà díẹ̀ síi. Ẹni kẹta yóò wọ inú koríko. Láìpẹ́, ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní mítà 1 yóò di mítà 4, gbogbo rẹ̀ yóò sì jẹ́ ẹrẹ̀. A ti pa koríko tí ó ń di etí ọ̀nà mú, a sì ti ń tẹ ẹ̀gẹ́ oníẹ̀gẹ́. Bí omi náà kò bá jìn, tí a sì mọ̀ pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ le, ó sàn kí a rọra gba àárín kọjá. Èyí tí ó dára jù ni pé kí a fi ọkọ́ la ojú fún omi náà kí ó jáde. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ṣùgbọ́n bí odò bá kún bo ọ̀nà, tí ó sì ń sáré, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ rárá. Omi tí kò ju orúnkún lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ọjà a máa tún ná. Ẹ̀mí kò ní ààrọ̀.

Ẹ̀kọ́ láti òkè òkun

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ní ìṣòro yìí. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òkè kan wà tí wọ́n ń pè ní Mount Tamalpais. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn ọ̀dọ́ agbègbè ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ tí táyà rẹ̀ tóbi sáré sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀nà ilẹ̀. Ní ọdún 1976, wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré ìdíje kan lẹ́bàá ìlú Fairfax. Orúkọ rẹ̀ ni Repack. Ìjánu kẹ̀kẹ́ ìgbà náà a máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí gírísì inú rẹ̀ ń jó, wọ́n sì ní láti tún gírísì mìíràn dì sí i. Ohun tí wọ́n ń pe orúkọ náà sí nìyẹn. Láti ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ orí òkè ti tàn ká ayé.

Bí kẹ̀kẹ́ ti ń pọ̀ lórí òkè, ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn tí ń gun ẹṣin sì ń bínú. Ní ọdún 1988, àwọn ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí à ń pè ní IMBA. Ẹgbẹ́ yìí ń kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń gba ọ̀nà láìbà á jẹ́, àti bí a ṣe ń la ọ̀nà tí omi kò ní lè gbẹ́. Ní ibi púpọ̀, wọ́n a máa ti ọ̀nà pa lẹ́yìn òjò títí yóò fi gbẹ.

Eré ni tiwọn, iṣẹ́ òòjọ́ ni tiwa. Ṣùgbọ́n omi kò mọ eré, kò mọ iṣẹ́. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò, a lè lò ó ní ọ̀nà oko wa.

Bí a ṣe ń tún ọ̀nà ṣe

Ọ̀rọ̀ kan ni olórí gbogbo ẹ̀kọ́ yìí: *Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún omi, kí ẹ tó wá ọ̀nà fún ẹsẹ̀.* Ẹni tí ó ń di kòtò láì yí omi padà, iṣẹ́ àṣetúnṣe ni ó ń ṣe.

1. *Ẹ wo ibi tí omi ń gbà.* Nígbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹ mú ọkọ́ lọ́wọ́, kí ẹ rin ọ̀nà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi fúnra rẹ̀ yóò fi ibi tí ó ti wọ ọ̀nà hàn yín, àti ibi tí ó ti kọ̀ láti jáde. Ẹ fi igi sàmì sí ibẹ̀.

2. *Ẹ la ojú fún omi.* Ẹrẹ̀ àti ewé máa ń kó jọ sí etí ọ̀nà, wọ́n á dà bí ògiri kékeré, omi kò sì ní lè jáde. Ẹ ro ògiri náà kúrò. Níbi tí omi bá dúró sí, ẹ gbẹ́ gọ́tà gba ìsàlẹ̀ lọ. Kí gọ́tà náà fẹ̀ tó ẹnu ọkọ́ méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé èyí tí ó bá há yóò tètè dí.

3. *Ẹ mú kí ọ̀nà da díẹ̀.* Bí ọ̀nà bá gba ẹ̀gbẹ́ òkè, kí etí rẹ̀ tí ó kọjú sí ìsàlẹ̀ relẹ̀ ju etí kejì lọ. Bí ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 1, ìyàtọ̀ íǹsì 2 ti tó. Omi yóò ré kọjá ní ìbú, kò ní bá ọ̀nà sáré lọ. Bí ó bá jẹ́ ibi pẹrẹsẹ ni, ẹ mú kí àárín ọ̀nà ga díẹ̀ bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè máa bọ́ sí ọ̀tún àti òsì.

4. *Ẹ ṣe ibi ìyà omi.* Lórí òkè gígùn, ẹ gbẹ́ ojú ọ̀nà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí àwo pẹrẹsẹ. Ẹ kó erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí ebè tí ó fẹ̀, tí kò sì ga. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí omi lè bá a jáde. Kí ó má ṣe rí ṣóńṣó bí ebè iṣu, kí ó má bàa gbé ọ̀kadà ṣubú. Bí òkè bá da gan-an, kí ẹ tún ṣe òmíràn lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 15 sí 20. Bí kò bá da púpọ̀, ìṣísẹ̀ 30 sí 40 lè tó. Omi tí ó yà kúrò ní kíákíá kò ní ráyè di alágbára.

5. *Ẹ di kòtò.* Ẹ kọ́kọ́ fa omi inú rẹ̀ gbẹ. Ẹ kó ẹrẹ̀ rírọ̀ jáde títí ẹ ó fi kan ilẹ̀ líle. Lẹ́yìn náà, ẹ da òkúta sí ìsàlẹ̀, kí ẹ da yangí lé e. Ẹ má ṣe dà á tán lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti nípọn tó íǹsì 4, ẹ gún un mọ́lẹ̀, kí ẹ tó da òmíràn lé e. Kí òpin rẹ̀ ga ju ilẹ̀ tí ó yí i ká lọ díẹ̀, nítorí pé yóò ṣì wọlẹ̀. Ẹ má ṣe fi imọ̀ ọ̀pẹ, ewé tàbí pàǹtí dí kòtò. Wọn yóò jẹrà, kòtò yóò sì padà wá.

6. *Ẹ tọ́jú etí ọ̀nà.* Ẹ ṣán igbó tí ó ṣíji bo ọ̀nà, kí oòrùn àti afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ọkọ́ ha etí ọ̀nà mọ́ fóò. Ẹ jẹ́ kí gbégi àti koríko kéékèèké wà níbẹ̀. Gbòǹgbò wọn ni ó ń di ilẹ̀ mú.

Ìgbà wo ni ó dára láti ṣiṣẹ́ yìí? Kì í ṣe nígbà tí ilẹ̀ rin gbindingbindin, kì í sì í ṣe nígbà ọyẹ́ tí ó gbẹ bí eérú. Ẹ bu erùpẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ fún un. Bí ó bá dì mọ́ra, tí omi kò sì kán láti inú rẹ̀, ìgbà tó. A lè tún ọ̀nà ṣe lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún: nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù kẹjọ, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Omi kì í sọnù

Omi tí a lé kúrò ní ojú ọ̀nà yóò lọ sí ibì kan. Bí a bá darí rẹ̀ sí oko ẹlòmíràn, a ti fi ìjà rọ́pò kòtò nìyẹn. Kí a tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀, ó yẹ kí a lọ bá ẹni tí ó ni oko, kí a wí pé: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Omi ojú ọ̀nà yìí ni a fẹ́ yà. Ibo ni ẹ rò pé ó lè gbà tí kò ní ba nǹkan yín jẹ́?" Ẹni tí a bá bi báyìí kì í sábà bínú. Ó lè jẹ́ pé ó mọ ibi tí omi ti ń gbà láti ayé bàbá rẹ̀.

Ibi tí igbó bá wà, tàbí koríko tí ó nípọn, ni ó dára jù láti da omi sí. Ẹ to òkúta sí ẹnu gọ́tà, kí omi má bàa gbẹ́ ibẹ̀. Ẹ má sì ṣe darí omi sí ẹ̀bá kànga tàbí orísun omi mímu.

Bí òkè bá ga jù

Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí a kò lè tún ṣe títí ayé, nítorí pé wọ́n gba òkè gan-an sọ̀kalẹ̀ bí àkàbà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, odò ni nígbà òjò. Ó sàn kí a la òmíràn tí yóò yí ẹ̀gbẹ́ òkè lọ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá rìn ní mítà 10, kí a má gun òkè ju mítà 1 lọ. Ọ̀nà náà yóò gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ru ẹrù kò ní mí hẹlẹ, ọ̀nà náà yóò sì pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀ka igi dí ojú ọ̀nà àtijọ́, kí koríko lè hù síbẹ̀.

Ta ni yóò ṣe é?

Ẹlòmíràn yóò wí pé: "Iṣẹ́ ìjọba ni." Òótọ́ ni. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ṣíṣe ọ̀nà àti títọ́jú rẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní ọdún 1986 pàápàá, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ DFRRI sílẹ̀ láti mú ọ̀nà àti àwọn ohun amáyédẹrùn mìíràn dé ìgbèríko. Àjọ náà kò sí mọ́, ṣùgbọ́n òjò kò dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró.

Ó yẹ kí a kọ ìwé sí ìjọba ìbílẹ̀ wa fún iṣẹ́ tí ó ju agbára wa lọ, bíi afárá àti kọ́fáàtì. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí, ẹ lè kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ sọ orúkọ ọ̀nà, ibi tí ó ti bàjẹ́, àti iye abúlé tí ń gbà á. Kí ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́.

Ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi dáhùn, ọ̀wẹ̀ àti àáró kò tíì kú ní ilẹ̀ wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí ènìyàn 20 bá jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ibi tí ọkọ́ wọn yóò tún ṣe yóò pọ̀. Kí a sì yan ẹni méjì fún apá ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn òjò ńlá, tí yóò máa kó ewé kúrò ní ẹnu gọ́tà. Iṣẹ́ díẹ̀ lóòrèkóòrè sàn ju iṣẹ́ ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ẹ má gbàgbé kẹ̀kẹ́

Ẹrẹ̀ tí ó ń ba ọ̀nà jẹ́ ń ba kẹ̀kẹ́ náà jẹ́. Yanrìn inú ẹrẹ̀ a máa jẹ ṣéènì àti ìjánu bí ayùn. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ fi omi díẹ̀ àti àkísà fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe fi omi alágbára tú sí ìdí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ níbi tí gírísì wà. Ẹ nu ṣéènì gbẹ, ẹ ta òróró díẹ̀ sí i, kí ẹ nu èyí tí ó ṣẹ́kù kúrò. Ẹ má ṣe jẹ́ kí òróró kan ìjánu. Kí ẹ tó jáde ní ọjọ́ kejì, ẹ fún ìjánu wò, kí ẹ mọ̀ bóyá ó ń mú.

Ẹ̀yin ará, òjò tí ń bọ̀ kò ní bèèrè bóyá a ti múra tàbí a kò tíì múra. Ọkọ́ wà nílé. Ọ̀nà wà níwájú. Ẹ jẹ́ kí a la ojú fún omi, kí ọ̀nà lè jẹ́ tiwa.

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀ sórí ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí ó sì gùn ní mítà 50, lítà omi mélòó ni?
2. Kí ni ó burú nínú kí a máa yà gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀gọ̀dọ̀?
3. Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó da yangí sínú kòtò?
4. Ibo ni ọ̀nà abúlé yín ti máa ń bàjẹ́ jù? Ibo ni omi ibẹ̀ lè gbà jáde? Ẹ jọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní kíláàsì.